Ta Lo Dì Mú? Eré Àgbàlá Wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ bí. Kúnlé, dojú fóònù yẹn bolẹ̀ díẹ̀; n kò bá a jà, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Láti ọjọ́ Sátidé ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo tún padà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín pé Màmá ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ẹ rí mi lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ lójú láàárín àgbàlá, ẹ rí Bàbá Ìkòyí, ẹ pariwo, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ sì gbà pé eré ni. Eré ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí eré náà jìn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó gbàgbé ibi tí mo gbé e sí.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń dà mí láàmú ṣáájú ọjọ́ náà. Bàbá Ìkòyí ni àbúrò ọkọ mi, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ ìyá ọkọ mi. Ìkòyí-Ilé ló ń gbé, níbi tó ti ń dáko. Ní èṣí, Akínwálé ọmọ mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan àgbàlá yìí. Kí èèyàn kọ́ ṣọ́ọ̀bù kò burú. Ohun tó burú ni pé kò sọ fún ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí. Bàbá Ìkòyí kàn gbé àpò iṣu dé lọ́jọ́ kan ni, ó bá ògiri níbi tó ti kọ́ bí a ṣe ń rìn. Ó sọ àpò náà kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé orúkọ rẹ̀ kò ní í tẹnu mi jáde mọ́." Ó sì wọ mọ́tò padà.

Láti ìgbà náà, "ọmọ yẹn" ló ń pe Akínwálé, kò sì tẹ ilẹ̀ ilé yìí mọ́. Akínwálé náà ní òun ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó tó. Mo sọ fún un pé a kì í dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Inú bí i. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń ṣe bí ẹni tí ẹnìkejì ti kú. Kí àwọn méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú mi ṣì là, ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Káfíńtà ni bàbá mi, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé ni wọ́n. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní pátí lónìí, ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde ni tiwa. Gbogbo ìjọ, tọmọdé tàgbà, yóò kó oúnjẹ dání lọ sábẹ́ àwọn igi máńgòrò ńlá kan lẹ́yìn ìlú, a ó sì ṣeré títí ẹsẹ̀ yóò fi wú. A máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ṣíbí, a ó fi eyín di ìdí ṣíbí náà mú, a ó sì máa sáré. Bí ọsàn bá já bọ́, kí o padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń ki ẹsẹ̀ bọ inú àpò ìdọ̀họ, a ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá mi, tí kì í sáré kódà bí òjò bá ń lé e bọ̀, a máa fò nínú àpò ìdọ̀họ lọ́jọ́ náà, gèlè rẹ̀ a máa bọ́ sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni yíyí àga po. Wọn a máa lu tanborín, a ó máa yí àwọn àga po, bí tanborín bá dákẹ́, kí oníkálùkù jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, ó ti jáde. Ní ọdún kan, ó ku díákónì kan tó sanra gidigidi àti ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Tanborín dákẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ àga kán, díákónì tàkìtì sẹ́yìn. A kò mọ̀ bóyá a lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó sórí ikùn díákónì, ó ní, "Bàbá Díákónì, èmi ni mo jókòó o!" Díákónì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Òun ló wọlé. Èmi ni àga." Bàbá mi ló kan àga náà, ojú sì ń tì í títí tó fi tún un kàn.

Mo sọ èyí kí ẹ lè rí i pé àgbà ìgbà náà kì í jókòó sábẹ́ kánópì kí wọ́n máa wo ọmọdé. Wọn a bọ́ sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ lásán tí kì í ṣe ọdún, àwọn ọmọ Sábó a máa wá bá wa ta òkòtó. Ohùn òkòtó lórí páànù, tó ń ké bí oyin, ṣì wà létí mi. Nígbà mìíràn bí fáànù yìí bá ń yí, mo máa ń rò pé òkòtó ni. Ẹ bá mi dín in kù. Rárá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì bá bàbá Akínwálé pàdé. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Ìyẹn kò bà wọ́n nínú jẹ́; ilé yìí gba gbogbo ẹ̀sìn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ìwé tí mo kà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, nítorí ẹ̀yin ìyàwó ìsinsìnyí, Dádì ni ẹ̀ ń pe bàbá ọkọ, ẹ sì ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ tí Àáfà sọ ọ́. N kò bá yín wí, mo kàn ń tọ́ka sí i. Nígbà tiwa, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Gbogbo wọn ni ọkọ rẹ̀. Òun ni yóò wo ìwà wọn tàbí ẹwà wọn, tí yóò sì wá orúkọ tirẹ̀ fún wọn: Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyàwó tó bá ṣèèṣì pe orúkọ gidi, yóò kúnlẹ̀ kiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wọn yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi bímọ.

Àǹtí Sìkírá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ti sọ ọ́ kí n tó dé: "Tíṣà? Yóò máa pè wá bí ẹni ń pe rẹ́jísítà!" Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ìyá ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn" ni wọ́n ń pè mí. Wọn kò pè mí ní ìyàwó. Mo ń jí ṣáájú àkùkọ, mo ń gbálẹ̀, mo ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn, síbẹ̀, "ọmọ yẹn." N kò sọ fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n mo ti ń wo àpótí mi bí ẹni tó fẹ́ kó ẹrù lọ.

Àgbàlá yìí kò ní kankéré nígbà náà, iyẹ̀pẹ̀ pupa ni. Láàárín ìgbà tí wọ́n bá kírun Àsárì tán sí ìgbà tí wọn yóò kí Màgàríbà ni àkókò eré. Àwọn bàbá á máa ta ayò lápá kan, wọn á máa bú ara wọn pé, "Ọ̀pẹ, ìwọ tí mo fi ayò pa lánàá, o tún jí?" Àwọn ọmọdé á máa ṣe bojúbojú. Bí ara gbogbo ilé bá wá gbóná tán, wọ́n á pe eré tí ẹ ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ta-lo-dì-mú ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má pè é ní gèèmù, ó ní orúkọ.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro. A ó pagbo. A ó di ẹnìkan lójú, a ó yí i po kí òòyì lè kọ́ ọ, gbogbo agbo á sì dákẹ́. Yóò máa wá wa kiri. Ẹni tí ó bá dì mú, ojú àti orí nìkan ni ó lè fọwọ́ kàn. Gbogbo agbo á wá ké pé, "Ta lo dì mú?" Bí kò bá lè sọ orúkọ, aṣọ ṣì wà lójú rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ẹni tí ó pè yóò dáhùn, yóò sì gba aṣọ. Ẹni tí a bá pè kò gbọdọ̀ sá. Ẹni tó bá sá, kò ní bá wa ṣeré mọ́ títí ọdún yóò fi yí po, ì báà jẹ́ baálé ilé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé ni Àǹtí Sìkírá dúró lẹ́nu ọ̀nà iyàrá mi. "Tíṣà, bọ́ síta, wá bá wa ṣeré."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Mò ń ṣa ìrẹsì ni."

"Ìrẹsì ò ní sá lọ. Àbí ẹ kì í ṣeré ní Ògbómọ̀ṣọ́? Àdúrà nìkan lẹ máa ń gbà?"

Mo jáde. Wọ́n dì mí lójú, wọ́n yí mi po. Ìgbà tí òòyì ń kọ́ mi ni mo tó rí ohun tí wọ́n dẹ fún mi. Àwọn ìyàwó tó ti pẹ́ nílé ti ní orúkọ tí wọ́n ń pe oníkálùkù. Èmi kò tíì sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, n kò sì tíì wo ilé náà tán. Mo tẹ́ ọwọ́ síwájú, mo ń rìn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ti ẹlòmíràn sọ́dọ̀ mi, ọwọ́ mi sì kan ojú kan tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí rẹ̀.

"Ta lo dì mú?"

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nígbà náà, èyí tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Ìkòyí lónìí. Orúkọ rẹ̀ dé orí ahọ́n mi. Ẹ má gbàgbé pé tíṣà ni mí: bí mo bá ti rí ojú ọmọ, ẹnu mi ti ń sọ orúkọ rẹ̀. Mo fi eyín di ahọ́n mú.

"Ta lo dì mú?" wọ́n tún ké.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Àǹtí Sìkírá ní, "bóyá wọn ò kọ́ ọ ní tiwa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tíṣà, ṣebí o máa ń pe orúkọ odidi kíláàsì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa? Ẹyọ kan péré la ní kí o pè!"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá dákẹ́, wọn á ní n kò gbọ́n. Bí mo bá pe orúkọ, wọn á ní ìwé ti bà mí jẹ́. Mo rí àpótí mi nínú ọkàn mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ń gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe fún un. Ó di ẹnu pọ̀, ẹ̀rín ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi ni mo dì mú."

"Ọkọ ta ni? Gbogbo wa lọkọ rẹ! Orúkọ la bi ọ́!"

"Ẹ̀rínòṣeébò ni."

Ọmọkùnrin náà wá jẹ́ kí ẹ̀rín náà jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, gbogbo àgbàlá sì bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta ayò dìde wò wá. Ó ní, "Mo dáhùn o! Èmi ni!"

Àǹtí Sìkírá ní, "Ìyẹn kì í ṣe orúkọ tí Àáfà sọ ọ́!"

Ìyá ọkọ mi ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Sìkírá, Àáfà ti sọ tirẹ̀, ìyàwó mi náà ti sọ tirẹ̀. Ẹni tí ó pè ti dáhùn. Ẹ tú aṣọ lójú ìyàwó mi."

Ìyàwó mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Sìkírá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wo ilẹ̀. "Èmi ńkọ́? Kí lo máa pe tèmi?" Mo sọ ọ́ ní Ẹnudùnjoyin. Ó mọ̀ pé mo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó sì gbà á. A di ọ̀rẹ́ títí tó fi kú. Láti ọjọ́ náà di òní, n kò pe Bàbá Ìkòyí ní orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ má bi mí léèrè rẹ̀, ẹ lọ bi Kúnlé.

Ẹ wá wo ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú mi. Ìpàdé ẹbí lẹ́yìn Iléyá ni. Mo ti rán Kúnlé lọ sí Ìkòyí-Ilé, mo ní, "Sọ fún Ẹ̀rínòṣeébò pé ìyàwó rẹ̀ ń pè é." Kúnlé ní wọ́n gbọ́, wọn kò fèsì. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wo géètì. Bí ọ̀kadà bá dún, mo dìde. Díjéè ń lu orin tó ń mì mí láyà, ẹ̀yin ọmọdé wọ inú kàsú-kàsú, ilé oníròbà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yẹn, ẹ fò títí ó fi sú yín, oníkálùkù wá mú fóònù. Àwọn bàbá yín wà lábẹ́ kánópì, Akínwálé wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú. Díjéè dákẹ́, kàsú-kàsú rọ bí ẹran tó kú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bà mí lẹ́rù, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Mo dìde, mo ní, "Ta ló fẹ́ ṣeré?"

Mọ́rayọ̀ tí kò tíì tó mi ní ìbàdí ní, "Màmá, kí lẹ máa fún ẹni tó bá borí?"

Mo ní, "A ó di òun náà lójú."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dìde. Mo kọ́ yín ní òfin. Ẹ̀ ń ja iyàn pé kí a fi fóònù wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní kò sí níbẹ̀, orí mi ló wà. Ẹ dì mí lójú pẹ̀lú síkáàfù ìyá Kúnlé. Ẹ yí mi po díẹ̀, ẹ rọra ṣe é nítorí eékún mi. Mo rí i, mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo sì ń rìn, mo gbọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ agbo yí padà. Kò jọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Ó jọ ti ilé tí àlejò wọ̀.

Ọwọ́ mi kan ojú kan. Eegun pọ̀ lójú náà. Irùngbọ̀n le bí kànìnkànìn. Ó ń rùn bí èéfín àti láfún.

"Ta lo dì mú?" Ẹ̀yin ni ẹ ké.

Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò mì. Ó le bí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù bà mí: bí mo bá pè é tí kò dáhùn ńkọ́? Ẹyin lohùn. Bí ó bá yí padà lójú gbogbo yín, kò ní wá mọ́ láyé. Ẹ tún ké.

Mo ní, "Ẹ̀rínòṣeébò ni."

Lẹ́yìn náà, lábẹ́ àtàǹpàkò mi, ibì kan gbọ̀n díẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin kò ní dàgbà láéláé." Ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Mo wá kí yín ni. Mò ń padà."

Mọ́rayọ̀ ló gbà mí. Ó di dàńṣíkí rẹ̀ mú. "Bàbá, wọ́n ti pè yín, ẹ sì ti dáhùn. Ẹ ò gbọdọ̀ sá! Màmá ló wí bẹ́ẹ̀!"

Ó wo ọmọ náà. Ó wò mí. Ó ní, "Òfin yìí ṣì wà?" Ó gba síkáàfù.

Ẹ di ojú rẹ̀, ẹ yí i po. N kò ṣẹ́jú sí Akínwálé o. Bí ó bá sọ fún yín pé mo ṣẹ́jú, ẹ má gbà á gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà, tó ṣí fìlà, tó wọ inú agbo. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ níwájú àbúrò bàbá rẹ̀. Bàbá Ìkòyí ń fọwọ́ wá afẹ́fẹ́, kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí, ó fọwọ́ kan etí, ó sì dé àpá tó wà lẹ́yìn etí náà. Lórí kẹ̀kẹ́ Bàbá Ìkòyí ni Akínwálé ti já bọ́ nígbà tó wà ní kékeré, tí àpá náà fi wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Ta lo dì mú?"

"Ọmọ tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú agbo ni."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ, Bàbá!"

Àwọn àgbà tó wà lábẹ́ kánópì ti dìde. Ẹ̀yin kò mọ̀, ẹ kàn ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀ ń ké, "Ta lo dì mú? Ta lo dì mú?" Èmi di ọwọ́ àga mú. Bàbá Ìkòyí ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Nígbà tó wá ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ́rayọ̀ fi ní kó tún un wí, kí gbogbo agbo lè gbọ́.

Ó tún un wí. "Akínwálé ni."

"Bàbá," Akínwálé dáhùn láti ilẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀ ń wò ó. Àwọn méjèèjì ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀la ni Bàbá Ìkòyí ní òun ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí mi tí mò ń lọ sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń bọ̀. Bóyá wọ́n á bú ara wọn. Kí wọ́n bú ara wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa pe ara wọn lórúkọ.

Àbí ẹ rí ohun tí Bàbá Ìkòyí ṣe kẹ́yìn? Ó ní, "Dìde," ó tú síkáàfù náà lójú ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mọ́ Akínwálé lójú. Ó dì í le. Ó le ju bó ṣe yẹ lọ, mo rí i, ẹnu sì ń yún mi láti sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́. Akínwálé náà kò ní kó dẹ̀ ẹ́.